Ìrínisí Ni Ìsọnilọ́jọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Ya Pósítà Fíìmù

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí àlejò bá ṣe yọ sí onílé ni onílé yóò ṣe gbà á: ẹni tó bá jọ ẹni iyì lójú wọn, wọn a gbé àga fún un, ẹni tí wọn kò kà sí, ìdúró ni yóò dúró. Ìtàn tí a ń sọ nílẹ̀ wa ní Ìrè-Èkìtì ti òwe yìí lẹ́yìn. Ọjọ́ tí Ògún wọ Ìrè, àwọn ará ìlú wà níbi àpéjọ tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ fọhùn. Kò sí ẹni tó kí i. Ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ló bá. Inú bí i, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tó mọ ìdí tí wọn kò fi sọ̀rọ̀ ló tó kábàámọ̀, tó sì wọ ilẹ̀ lọ. Mo mú ìtàn náà wá nítorí ohun kan: Ògún kò rí ẹni fi í han ìlú.

Fíìmù náà, àlejò ni. Láyé àtijọ́, inú agolo tàbí inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà nígbà tó ń wọ̀lú, kò sì sí ẹni tó lè yọjú wo inú rẹ̀ kó tó sanwó. Pósítà ara ògiri ló ń fi í hàn. Ẹni tó ya pósítà náà ló pinnu bóyá àwọn èèyàn yóò wá tàbí wọn yóò jókòó sílé, síbẹ̀ òun lẹni tí a kì í bèèrè.

Ní Ítálì ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fíìmù Amẹ́ríkà pọ̀ dé orílẹ̀-èdè náà, àwọn ayàwòrán ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ pósítà fún. Anselmo Ballester, Luigi Martinati àti Alfredo Capitani jẹ́ àgbà láàárín wọn. Bébà tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ wọn sí lè gùn tó mítà méjì. Ercole Brini fẹ́ràn ọ̀dà olómi. Òun ló ya ti *Ladri di biciclette*, fíìmù tí Vittorio De Sica ṣe ní 1948. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí fíìmù yẹn. Lẹ́yìn tí baba inú rẹ̀ ti wà láìníṣẹ́ pẹ́, iṣẹ́ tó rí ni lílẹ pósítà mọ́ ògiri káàkiri Róòmù, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Orí àkàsọ̀ ló wà, tó ń tẹ́ pósítà fíìmù *Gilda* tó ní àwòrán òṣèré Rita Hayworth mọ́ ògiri, nígbà tí olè gbé kẹ̀kẹ́ náà sá lọ.

Renato Casaro, tí wọ́n bí ní Treviso ní 1935, bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé: ó ń yàwòrán fún ilé sinimá kan nílùú rẹ̀, ìwọlé ọ̀fẹ́ sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni 80 ọdún nígbà tí olùdarí fíìmù Quentin Tarantino wá a kàn fún fíìmù tó gbé jáde ní 2019. Treviso kan náà ni Nando Salce gbé. Òun kì í yàwòrán, kíkó ìwé ìpolówó jọ ni iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Nígbà tó kú ní 1962, nǹkan bí 25,000 ló fi sílẹ̀ fún ìjọba, wọ́n sì wà nílé àkójọ níbẹ̀ títí dòní.

Ti Gánà ló sún mọ́ wa jù, òun ló sì wọ̀ mí lára jù. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ń ti abúlé dé abúlé. Bébà kò lè gba irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Wọn a tú àpò ìyẹ̀fun méjì, wọn a rán wọn pọ̀, ayàwòrán a sì fi ọ̀dà olóròóró ya fíìmù náà sí i lára. Bí wọ́n bá ṣe tán lálẹ́, wọn a ká a bí ẹní, ó di ìlú mìíràn. Joe Mensah, Alex Boateng, Leonardo, Stoger àti Heavy J wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Fíìmù Amẹ́ríkà, ti Ṣáínà, ti Íńdíà àti ti Nàìjíríà ni wọ́n ń yà. Nígbà mìíràn ayàwòrán kò tíì wo fíìmù náà rárá. Ó lè fi ejò olórí èèyàn síbi tí kò sí ejò, ó lè fi ẹ̀jẹ̀ kún ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé.

Àwọn kan ń pe èyí ní irọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ fíìmù àti fọ́tò kékeré kan lé lọ́wọ́, tó wá fi inú ara rẹ̀ ro odindi ìtàn, tó sì yà á débi pé àgbẹ̀ tó ti oko dé yóò san owó láti wọlé, oníṣẹ́ ọnà ni. Nígbà tí pósítà títẹ̀ olówó pọ́ọ́kú dé, iṣẹ́ náà rọlẹ̀. Ernie Wolfe, ará Los Angeles, ti ń ra àwọn àpò náà, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé *Extreme Canvas* ní 2000. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà báyìí.

Ní tiwa, àwọn eléré tíátà ni wọ́n ru fíìmù wọn kiri fúnra wọn. Ọlá Balógun ṣe *Àjàní Ògún* ní 1976 pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love. *Ayé* ti Hubert Ògúndé tẹ̀lé e ní 1979, *Ọ̀run Móoru* ti Bàbá Sàlá ní 1982. Gbọ̀ngàn ìlú àti gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń fi wọ́n hàn. Pósítà ló máa ń kọ́kọ́ dé, ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lórí a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni fíìmù fúnra rẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe pósítà, a sì ń to ojú òṣèré mẹ́wàá sórí bébà kan. Ojú pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í rí ìtàn kankan kà lára rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kò jìnnà sí Ìrè. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. A mọ̀ wọ́n nítorí pé Fadá Kevin Carroll, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà, kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ wọn ṣe ìwé ní 1967. Àwọn ará Ítálì ń kọ orúkọ sí igun pósítà, àwọn ará Gánà ń kọ ọ́ gàdàgbà. Ta ló kọ orúkọ àwọn tó ya pátákó àti pósítà tiwa sílẹ̀?

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, wọ́n sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíátà níbẹ̀. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ayàwòrán ní Ìkọ̀lé, Ìdó àti Ọ̀yẹ́ nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè ròyìn. Ìwọ tó ń ka èyí náà, bí pósítà àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá rẹ, má fi dáná. Kọ orúkọ ẹni tó yà á, ìlú tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ àti ọdún rẹ̀ sí ìwé kan, fi ìwé náà sí i lára, kí o sì gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ náà.