Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ta Wáyà Tẹlifóònù

Àwa tí a gbé Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá kí ọdún 2001 tó dé, a ò lè gbàgbé bí a ṣe ń tò ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ká lè bá ọmọ tó wà nílùú òyìnbó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la ṣe ń tò. Ìlà tẹlifóònù tí NITEL ní káàkiri Nàìjíríà nígbà náà ò ju nǹkan bí 400,000 lọ. A mọ NITEL bú dáadáa. Àwọn tó ń gun òpó lójò lẹ́ẹ̀rùn nìkan ni a ò mọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, irú wọn ò di ẹni ìgbàgbé. Ní 1911, ní ìlú Boston, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tẹlifóònù dá ẹgbẹ́ Telephone Pioneers of America sílẹ̀. Alexander Graham Bell fúnra rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìrántí ló kó wọn jọ: kí wọ́n jẹun pọ̀, kí wọ́n sì ròyìn ìgbà tí iṣẹ́ ṣì le. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọgbọ́n ọwọ́ wọn ṣe ìtọrẹ. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù tó ń dún, kí àwọn ọmọ tí kò ríran náà lè rí eré ṣe.

Tiwa ńkọ́? Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà la ní P&T fún tilé, NET sì dé ní 1962 fún tòkèèrè. Ní oṣù kìíní 1985, wọ́n pa NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù P&T, ó di NITEL. Ẹlòmíì tó wọṣẹ́ ní P&T wá fẹ̀yìn tì ní NITEL. Iṣẹ́ ò yí padà, orúkọ ló yí.

Ní 2001, GSM dé, a sì ju wáyà nù. Ìjọba ta NITEL fún Transcorp ní 2006, wọ́n fagi lé e ní 2009. Ní 2015, ohun ìní rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ NATCOM. Bí wọ́n ṣe ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, owó oṣù dúró, pẹ́ńṣàn dúró. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì bá kóra jọ. Àsè kọ́ ló kó wọn jọ o, gbèsè ni. Àwọn tó fún wa ní ìlà wá ń tò sórí ìlà fún àyẹ̀wò orúkọ. Kí àjọ PTAD tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún wọn, ọ̀pọ̀ ti kú.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tiwọn ò fi ráyè ìtàn. Ìtàn náà wá di iṣẹ́ tiwa. Bí àgbà kan bá wà ládùúgbò yín tó ṣe P&T rí, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ bi í bó ṣe ń fi àwọ̀ dá wáyà kan mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi í ohun tí omi òjò máa ń ṣe fún wáyà abẹ́ ilẹ̀ l'Ápàápá. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù yín, kó tó pẹ́ jù.