Ọ̀fẹ́ àti Àṣẹ Àdàkọ: Ìtàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára, 1999–2023

Ìfáàrà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn yunifásítì gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò: akẹ́kọ̀ọ́ kò san kọ́bọ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àìgbowó nìkan kọ́ ni ó pinnu ohun tí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà dà láàárín ọdún 1999 sí 2023. Àṣẹ àdàkọ ni ó pinnu rẹ̀. Ǹjẹ́ òfin gba ẹni tí ó rí ẹ̀kọ́ náà láyè láti dà á kọ, kí ó tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, kí ó sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Níbi tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà, ẹ̀kọ́ kò kú nígbà tí ẹni tí ó ni ín ti ilẹ̀kùn. Níbi tí kò sí, bí ilẹ̀kùn ti ń tì ni ẹ̀kọ́ ń bá a lọ.

Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́

Kì í ṣe ayélujára ni ó bẹ̀rẹ̀ fífi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí nínú kíláàsì. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, gbé ẹ̀kọ́ sáfẹ́fẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ní Bìrìtéènì, Harold Wilson dá àbá yunifásítì orí afẹ́fẹ́ ní ìlú Glasgow ní 1963. Open University gba ìwé àṣẹ ọba ní 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1971. BBC ni ó ń gbé àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde títí di 2006.

Ètò báyìí ní àléébù kan. Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́ ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ bá lọ lásìkò náà ti pàdánù rẹ̀. Ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ni ọ̀rọ̀. Nàìjíríà náà rí i pé ohun tí aláṣẹ gbé kalẹ̀, aláṣẹ lè gbé e kúrò: yunifásítì tí ìjọba Shehu Shagari dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ní Oṣù Keje 1983 kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun fi tì í pa ní Oṣù Kẹrin 1984. Ó di ẹ̀yìn tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999 kí wọ́n tó jí i dìde.

Ìpinnu MIT

Ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà gbà pé ọjà ńlá ni ẹ̀kọ́ orí ayélujára yóò jẹ́. Ìgbìmọ̀ tí Massachusetts Institute of Technology, MIT, yàn láti wo bí ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe wọ ọjà yìí padà wá pẹ̀lú àbá mìíràn: kí wọ́n kó ohun èlò ìkọ́ni wọn síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Charles Vest, tí ó jẹ́ ààrẹ MIT, kéde rẹ̀ ní 4 Oṣù Kẹrin 2001. Àwọn àjọ Hewlett àti Mellon fi mílíọ̀nù 11 dọ́là bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́ọ̀sì díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2002. Nígbà tí ó fi di òpin 2007, ó ti tó 1,800. OpenCourseWare ni orúkọ ètò náà.

Púpọ̀ nínú kọ́ọ̀sì wọ̀nyí kì í ṣe fídíò rárá, bí kò ṣe ìlànà iṣẹ́, àkọsílẹ̀ olùkọ́ àti ìbéèrè ìdánwò. Àmọ́ fídíò díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ayé rọ̀ mọ́. Méjì nínú wọn ni wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní 1999: ti Gilbert Strang lórí ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní linear algebra, àti ti Walter Lewin lórí físíìsì. Lewin jókòó lé bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi okùn so rọ̀ láti òkè àjà, ó sì ń fì lọ fì bọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé bí ohun tí ń fì ṣe wúwo tó kò yí àkókò ìfì rẹ̀ padà. Strang kò ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì, pátákó, àti ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ sókè ni ohun èlò rẹ̀, ó sì ń kọ́ni títí ó fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 2023. Olùkọ́ tí ó rò pé àfi bí òun bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá kí òun tó lè kọ́ni yóò rí èrè bí ó bá wo ọ̀kan nínú wọn.

Ìwé àṣẹ tí MIT so mọ́ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju fídíò lọ. Creative Commons, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ní Oṣù Kejìlá 2002. Èyí tí MIT mú nínú wọn ní kí ẹni tí ó bá lo ẹ̀kọ́ náà dárúkọ ibi tí ó ti rí i, kí ó má tà á, kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lo èyí tí òun náà bá tún ṣe lábẹ́ àdéhùn kan náà. Kò ní láti kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí okùn kò dé

Àǹfààní àkọ́kọ́ tí àṣẹ àdàkọ ṣe fún Áfíríkà jẹ mọ́ okùn tẹlifóònù. Fáìlì fídíò tí ó tó 100 mẹ́gábáìtì, lórí ìlà tí ń gbé 56 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba bí i wákàtí 4 kí ó tó wọlé tán, bí iná kò bá lọ. Cliff Missen, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Jos ní 1999, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ètò eGranary tí ó dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Iowa gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ìkànnì, ó da ohun tí ó wà níbẹ̀ kọ sínú hard disk, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ayélujára tàbí tí tirẹ̀ ń wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣí i bí ẹni pé ó wà lórí ayélujára. Àká ni ìtumọ̀ orúkọ ètò náà, ó sì bá a mu. MIT náà jẹ́ kí àwọn yunifásítì ní Áfíríkà tọ́jú ẹ̀dà OpenCourseWare sórí kọ̀ǹpútà tiwọn.

Nígbà tí ilẹ̀kùn tì

Ní Oṣù Kejìlá 2014, lẹ́yìn ìwádìí, MIT kéde pé Lewin ti fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ dààmú obìnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí ayélujára. Wọ́n gba oyè tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì yọ fídíò rẹ̀ kúrò lórí ìkànnì wọn. Àmọ́ ẹ̀dà wọn ti tàn ká. Ẹjọ́ yìí kò rọrùn, nítorí pé ìwé àṣẹ tí ó ń dáàbò bo ẹ̀kọ́ kò bèèrè bóyá ìdí tí onílé fi fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ wọlé dára tàbí kò dára.

Ti Yunifásítì California ní Berkeley tún yàtọ̀. Àwọn adití méjì tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Gallaudet fẹjọ́ sùn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Berkeley gbé síta kò wúlò fún àwọn, nítorí pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí abẹ́ àwòrán bí ó ti yẹ. Ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2016. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n béèrè. Ọ̀fẹ́ tí kò kan adití kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ìdáhùn yunifásítì náà ni ó ṣòro láti gbè lẹ́yìn. Ó ní owó àtúnṣe pọ̀ jù, nígbà tí ó sì di Oṣù Kẹta 2017, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ju 20,000 lọ mọ́lé, kí ẹni tí ń gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ lè jọ pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n tó tì í tán, àwọn ará ìta ti da wọ́n kọ síbòmíràn, nítorí pé ìwé àṣẹ Creative Commons wà lára wọn. Ọdún 2022 ni yunifásítì náà àti ìjọba tó fẹnu kò lórí àtúnṣe tí yóò jẹ́ kí àwọn abirùn lè lo ohun tí ó wà lórí ìkànnì rẹ̀.

Coursera, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Stanford méjì dá sílẹ̀ ní 2012, gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní irú àṣẹ yìí. Nígbà tí ó pa ètò rẹ̀ àtijọ́ tì ní 30 Oṣù Kẹfà 2016, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì bá a lọ. iTunes U ti ilé-iṣẹ́ Apple, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin 2021.

Ọ̀rọ̀ èdè

Apá tí ó kan olùkọ́ Yorùbá jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Taiwan. Lucifer Chu, ẹni tí ó túmọ̀ ìwé The Lord of the Rings sí èdè Ṣáínà, fi lára owó tí ó rí lórí ìwé náà dá ètò OOPS sílẹ̀ ní 2004. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn pín kọ́ọ̀sì MIT láàárín ara wọn, wọ́n sì ń túmọ̀ wọn. Àṣẹ ìtumọ̀ ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀.

Èdè Yorùbá náà ní iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ irú ìwé àṣẹ yìí. Fehintola Mosadomi ní Yunifásítì Texas ní Austin kọ Yorùbá Yé Mi, ìwé tí ó ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, lábẹ́ Creative Commons. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà ni wọ́n ṣe é fún, síbẹ̀ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kétu lè gba ohùn náà sórí fóònù, kí ó sì dà á kọ fún kíláàsì tí kò ní ayélujára. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀dá-ìró tàbí lítíréṣọ̀ tí olùkọ́ fi Yorùbá ṣe, tí ó kàn ń rìn kiri lórí WhatsApp láìsí orúkọ, láìsí ọdún, láìsí ìwé àṣẹ, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí ilé-ìkàwé kò ní mọ ẹni tí òun yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.