Ẹ̀gbọ́n Ìwé Fágúnwà

Púpọ̀ nínú wa ń sọ pé 1938, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde, ni ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbà. Láti 1929 ni I. B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá bí lẹ́tà sínú Akéde Èkó. Ó di ìwé ní 1930. Ọkùnrin ló kọ ọ́, obìnrin ni olùsọtàn, Èkó ni ibùdó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé tilẹ̀ gbà pé ẹni gidi ni Ṣẹ̀gilọlá. Kí ni ẹ̀dá ìtàn tún lè ṣe ju èyí lọ? Fágúnwà ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣíwájú là ń pè ní ẹ̀gbọ́n.