Ọjà'ba, Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká: Ìwádìí lórí Oúnjẹ àti Oyè ní Ìbàdàn Àtijọ́, fún Ẹni tí Ó Bá Fẹ́ Ṣe Àbẹ̀wò

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sì rí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá wo Ìbàdàn, Mesì-Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, lóde òní. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 láti Èkó, Mọ́níyà ni yóò sọ̀ sí, lọ́nà jíjìn sí ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gba títì wá, Challenge tàbí Ìwó Road ni yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ebi bá dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò mú un lọ jẹ àmàlà ní Bódìjà, yóò ya fọ́tò abọ́ náà, yóò sì padà sílé láti ròyìn pé òun ti dé Ìbàdàn. A kò bá a jà, nítorí àmàlà Bódìjà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ọjà'ba, Mápó, Bẹẹrẹ, Bẹyẹrúnká àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká, níbi tí ìlú gbé gbòòrò láti inú ibùdó ogun, kò dé ibẹ̀, bí ó bá sì dé ibẹ̀, inú ọkọ̀ ni ó wà tí ó fi kọjá.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé oúnjẹ Ìbàdàn àti oyè Ìbàdàn, inú ibùdó ogun kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde wá, ọjà kan náà ni ó sì tọ́ wọn dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wá èkínní láìwá èkejì, ààbọ̀ ìlú ni yóò rí.

Ìtàn tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Lágelú ni ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, pé ogun tú ìlú náà ká, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì sá gun òkè, níbi tí wọ́n ti ń fi èso òro àti ẹran ìgbín gbé ẹ̀mí ró, tí ìkarahun ìgbín sì di ife àti àwo fún wọn. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí ni èyí tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá wọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ Òwu. Àwọn Ẹ̀gbá kó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Máyẹ̀ Ọ̀kúnadé, ará Ifẹ̀, ni ó ṣe olórí ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ogun Gbánámù ni agbára sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn Ọ̀yọ́. Kò sí adé, kò sí ìdílé kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé baba ńlá tòun nìkan ni ó ni ilẹ̀. Ẹni tí ó bá lè jà, tí ó sì lè bọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó tẹ̀lé e, òun ni ènìyàn ń wárí fún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ bíbọ́ ọmọ ogun yìí sọ́kàn, nítorí òun ni òpó tí gbogbo ohun tí ó kù fẹ̀yìn tì.

Ọjà ni ó wà ní ààrin ibùdó náà. Orúkọ Lábósìndé, Baba Ìsàlẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é tẹ́lẹ̀, kí Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, Ìba, tó di alágbára, tí ọjà sì di Ọjà Ìba, tí ẹnu àwa ènìyàn sọ di Ọjà'ba. Olúyọ̀lé yìí, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dá àwọn Fúlàní dúró ní Òṣogbo ní 1840 nígbà ayé rẹ̀, kì í ṣe ológun lásán. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa pé àgbẹ̀ paraku ni: oko ilá rẹ̀ lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, àgbàdo lọ́tọ̀, iṣu lọ́tọ̀. Ó kú ní 1847, ṣùgbọ́n ìwà náà kò bá a kú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ̀ lóyè tí wọ́n sì pa ní 1874, oko ńláńlá àti òwò ni ó fi di ọlọ́rọ̀, òun ni àwọn balógun sì ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, obìnrin òǹrorò ni wọ́n mọ̀. Àwọn tí wọ́n bá dúró ní Ọjà'ba fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n wo bí àwọn ìyálọ́jà ti ń ṣe ọjà wọn, ni yóò tètè yé bí obìnrin kan ṣe lè di gbèsè mọ́ odidi ẹgbẹ́ ogun lọ́rùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lórí àtẹ. Èlùbọ́ dúdú ni, láfún funfun ni, ọ̀rúnlá ni, irú ni, ẹ̀wà ni, ẹja gbígbẹ ni, ata gbígbẹ ni. Gbogbo wọn ni ó lè pẹ́ nílé láì bàjẹ́. Gbogbo wọn ni ènìyàn lè dì sínú àpò kí ó gbé rù ọmọ ogun, kí ó sì bá a ní pípé ní ibùdó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A kò sọ pé Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ sá iṣu, nítorí gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ń jẹ àmàlà, láti Òkè-Ògùn ni ọ̀pọ̀ èlùbọ́ sì ti ń wọ Ìbàdàn títí di òní olónìí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìlú tí ó bá Ìjàyè jà láti 1860 sí 1862, tí ó sì wọ ogun Kírìjì ní 1877, tí wọn kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká pátápátá títí di 1893, kò lè gbójú lé oúnjẹ tútù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò sì hàn níbi kan tó ojú ogun. Lójú tiwa, ohun tí ó sọ àmàlà di oúnjẹ Ìbàdàn ju oúnjẹ ìlú mìíràn lọ kò sẹ́yìn èyí.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò kéré. A ó bẹ iṣu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí a kò jẹ́ kí ó hó, a ó fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú, a ó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ koránkorán, ìyẹn ni gbódò; a ó gún un tàbí kí a lọ̀ ọ́, a ó sì kù ú. Omi gbọ́dọ̀ hó yaya kí èlùbọ́ tó kan án, ẹni tí ń rò ó sì gbọ́dọ̀ fi ọmọrogùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di kókó, kò sì sí àlejò tí yóò dárí kókó inú àmàlà jì. Ewédú ni a ó já, a ó sè é pẹ̀lú kaún díẹ̀, a ó sì fi ìjábẹ̀ gún un títí yóò fi máa yọ̀. Gbẹ̀gìrì ni ó ń dán sùúrù obìnrin wò jù: ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ kúrò, tí a sè títí ó fi rọ̀ jọ̀jọ̀, tí a fi ìjábẹ̀ lù, tí a sẹ́ kí ó kúnná, kí epo, ata àti irú tó wọ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá da ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ sórí àmàlà gbígbóná, tí ọbẹ̀ ata tí ó ru ògúnfe, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ sì tẹ̀lé e, abùlà dé nìyẹn. Àlejò kò gbọdọ̀ béèrè ṣíbí. Kò sì gbọdọ̀ gbà kí wọ́n fún un ní àmàlà tí ó ti wà nínú ọ̀rá láti àárọ̀. Èyí tí ìyá olóúnjẹ bù láti inú kúlà tàbí ìkòkò sínú abọ́ lójú rẹ̀ ni kí ó jẹ.

Ibí yìí ni a ti gbọ́dọ̀ yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní òṣèlú àmàlà. Olóyè Lámídì Adédibú ti Mọlété, tí ó dágbére fáyé ní 2008, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà bú, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń rokà nílé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá yà síbẹ̀. A kò gbèjà ohun tí wọ́n fi agbára náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní àṣà tuntun kò ka ìtàn: ohun tí àwọn balógun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń ṣe ní agbo ilé wọn ni, èrò ogun ni ó di èrò ìbò.

Mápó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Òyìnbó ẹlẹ́rọ tí a mọ̀ sí Taffy Jones ni ó darí kíkọ́ gbọ̀ngàn Mápó, a sì ṣí i ní 1929. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n sọ ọ́ di tiwọn: ibẹ̀ ni olóṣèlú Adégòkè Adélabù, tí ọkọ̀ pa ní oṣù kẹta ọdún 1958, ti lo agbára ìgbìmọ̀ ìlú, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà kọrí sí ní 1968 nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé adé lé Ọba Rashidi Ládọjà lórí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Láti Mápó, kí àlejò kọjú sí Òkè Ààrẹ, kí ó gun ilé ìṣọ́ Láyípo tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, Òyìnbó àkọ́kọ́ tí ó ṣe ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Bower yìí kan náà ni ó yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895, nítorí náà kí a wo ìran tí ó wà lókè ibẹ̀ ju ẹni tí a ń rántí lọ. Ìran náà ni òrùlé páànù onípẹtà tí ó lọ salalu dé ibi tí ojú mọ, tí kò sì sí títì láàrin púpọ̀ nínú wọn.

Abẹ́ àwọn páànù wọ̀nyí ni Bẹyẹrúnká wà. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, láàrin ariwo àwọn takisí Micra àti ọ̀kadà, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú àdúgbò, yóò rí i pé agbo ilé ni, kì í ṣe ilé. Ògiri amọ̀ kan fara ti òmíràn, ọ̀nà tóóró gba ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn, àwọn baba ńlá sì sùn sínú ilẹ̀ ilé wọn níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń ṣeré. Olúkúlùkù agbo ilé ni ó ní Mógàjí. Láti ipò Mógàjí ni ènìyàn ti ń di Jagun, kí ó tó máa gun àkàbà oyè, yálà ní ìhà Ọ̀tún tàbí ní ìhà Balógun, díẹ̀díẹ̀ títí dé orí ìtẹ́, bí ẹ̀mí bá gùn. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá dé òkè náà kí ó tó di Olúbàdàn ní 1936. Kò sí ọmọ ọba ní Ìbàdàn. Ọmọ ológun ni gbogbo wọn, a sì ń wo ẹnu ọ̀nà tí èrò gbé ń wọlé wá jẹun kí a tó mọ ẹni tí ó tó ṣe Mógàjí.

Ọjọ́ kan ṣoṣo wà nínú ọdún tí oúnjẹ Ìbàdàn ń sinmi. Ní àkókò ọdún Òkè'bàdàn, tí Abọ́kẹ̀ ń ṣe àkóso ìbọ rẹ̀, a kì í dáná, èéfín kì í rú, ọjà kì í tà. Àwọn èwe a sì máa kọ orin èébú káàkiri ìgboro, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ bínú. Àlejò tí ó bá bá a pàdé láìmọ̀, ebi yóò pa á, ìtìjú yóò sì mú un; kí ó tètè béèrè ọjọ́ náà kí ó tó wá. Bí wọ́n bá sì ń fi Olúbàdàn tuntun jẹ, èso òro ni wọ́n ń fún un jẹ, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n sì ń fún un mu nínú ìkarahun ìgbín, kí ó lè rántí oúnjẹ àwọn tí ogun lé gun òkè. Nínú gbogbo ìlú ńlá tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, a kò mọ èyí tí ó fi ẹnu bá ìtàn rẹ̀ pàdé tó èyí.

Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 sí 1964, kọ ní 1911 ni a ṣì ń kà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbo ilé ń wó, tí wọ́n sì ń fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Nítorí náà ni a fi ń bẹ àwọn Mógàjí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká pé kí wọ́n pe àwọn ọmọ wọn tí ó mọ̀wé jọ, kí wọ́n kọ ìtàn agbo ilé wọn sílẹ̀, àti orúkọ àwọn ìyá tí ó ń se oúnjẹ ogun pẹ̀lú ti àwọn baba tí ó jà á. Ìwọ àlejò náà, nígbà tí o bá wọ Bẹyẹrúnká, kí àwọn àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí o tó yọ fóònù rẹ jáde, kí o sì lọ jẹun ní Ọjà'ba.