Bí Ilé-Ìwé Ṣe Ń Gba Ọmọ Wọlé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ìwé ló kọ́kọ́ ń bẹ òbí. Ó pẹ́ kí òbí tó di ẹni tí ń bẹ ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, ọmọ àwọn Sàró tó ti òkun padà wálé ló ń fi ìfẹ́ wá síbẹ̀, torí òbí wọn ti mọ ohun tí ìwé ń ṣe fúnni. Àwọn onílé kò rí ìdí tí ọmọ tó ti tó ọkọ́ gbé yóò fi jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ajíhìnrere a máa lọ láti agboolé dé agboolé, a máa bá baálé sọ̀rọ̀, a sì máa ṣèlérí oúnjẹ àti aṣọ. Baálé mìíràn á fa ìwọ̀fà tàbí ọmọ ẹrú lé e lọ́wọ́, á sì mú ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ sóko.

Ní Ìbàdàn, olóyè kan ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajíhìnrere David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1853, Kúdẹtì sì di ibùdó wọn. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fa méjì lé wọn lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Akínyẹlé tó jẹ́ ọkùnrin àti Yéjídé tó jẹ́ obìnrin. Ohun ńlá ni èyí ní ìlú ológun, ó sì yẹ ní ìrántí pé ọmọbìnrin wà lára àwọn àkọ́kọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lọ kó bọ̀ lójúmọ́. Ilé ìjọ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, ìyàwó ajíhìnrere ló sì dúró fún un bí ìyá. Ilé-ìwé Yejide Girls' Grammar School ní Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ orúkọ ọmọbìnrin náà.

Ilé-kéwú ti wà ṣáájú gbogbo èyí, ìlànà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kò ní ọjọ́ ìwọlé kan pàtó. Ọjọ́ tí bàbá bá mú ọmọ tọ ààfáà lọ, tí sàráà sì ti wà nílẹ̀, ọjọ́ náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í pín ọmọ sí kíláàsì. Ibi tí wàláà oníkálùkù bá dé ni kíláàsì rẹ̀. Ìṣòro dé nígbà tí ọmọ Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìwé òyìnbó. Ọwọ́ ìjọ ni ilé-ìwé wà, orúkọ tí wọ́n bá sì kọ sínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ ìgbàwọlé lè máà jẹ́ èyí tí wọ́n sọ ọmọ nílé. Sùlé lè di Sámúẹ́lì. Ìbẹ̀rù yìí mú kí ọ̀pọ̀ bàbá dá ọmọ wọn dúró sílé. Ìjọba dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó ní 1896, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923 sì kọ́ tirẹ̀ káàkiri, níbi tí Sùlé ti lè wọlé kó sì máa jẹ́ Sùlé lọ.

Ní àwọn ilé-ìwé ìjọ, ọdún 8 ni wọ́n ń lò: Infant méjì, lẹ́yìn náà Standard 1 dé 6. Torí pé January ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ fún ìsinmi Kérésì ni wọ́n ń kéde kíláàsì ọdún tuntun. Hẹ́dímásítà á dúró níwájú gbogbo ilé-ìwé, á máa pe orúkọ láti orí ẹni tó ṣe ipò kìíní dé orí ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tí kò bá yege, kíláàsì tó ti wá ló ń padà sí. Ẹni tó bá mọ̀wé gan-an lè fo kíláàsì kan. Òbí tó wá gbọ́ èsì ọmọ tirẹ̀ ń gbọ́ ti ọmọ aládùúgbò pẹ̀lú. Gbangba ni ìyìn, gbangba ni ìtìjú, ìtìjú ọjọ́ yẹn sì ti lé ọmọ tí ìbá mọ̀wé kúrò nílé-ìwé. Àṣà náà le ju bó ti yẹ lọ.

Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, etí ni ìdánwò. Wọ́n á ní kó gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Bí ìka bá kàn án, ó ti tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí wà fún un: orí ọmọ kékeré tóbi ju apá rẹ̀ lọ, bó sì ti ń dàgbà ni apá ń gùn. Àmọ́ ìdàgbàsókè ara nìkan ló ń wọ̀n. Ọmọ ọdún 7 tí kò tètè ga lè padà sílé pẹ̀lú omijé, kí ọmọ ọdún 5 tó sígbọnlẹ̀ sì wọlé. Ojú àánú náà sì wà. Nínú ìwé rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981, Wọlé Ṣóyínká ròyìn bí ó ṣe tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ní Abẹ́òkúta nígbà tí kò tíì pé ọdún 3, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó jókòó. Bàbá rẹ̀ ni hẹ́dímásítà ibẹ̀.

17 January 1955 ni ọjọ́ tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ti gbé ètò náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1952. Kò rọrùn. Owó orí tí wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀ bí àwọn èèyàn nínú, àwọn alátakò sì ń sọ fún àgbẹ̀ pé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó ni ìjọba fẹ́ gbà lọ. Ní 1954, ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ní agbègbè tirẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò tó, àwọn òbí yìí kan náà ló ya lu ilé-ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955 wọ́n di 811,432.

Kò tíì sí ìgbàwọlé tó tó báyìí rí. Níbi tí wọn kò tíì ti òrùlé bo kíláàsì, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ìlú tó bá fẹ́ ilé-ìwé nítòsí a máa po amọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n gé ọdún 8 sí 6, Infant àti Standard sì di Primary 1 dé 6. Ilé-ìwé tó ní kíláàsì kékeré kan tẹ́lẹ̀ níláti ya àwọn ọmọ sí A, B àti C, torí iye wọn.

Ọjọ́ orí ló ṣòro jù láti kọ sílẹ̀, torí ìwé ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ìyá fi ń ka ọdún ọmọ. Fún ará Abẹ́òkúta, àmì kan wà tó ṣe rẹ́gí: ní January 1949 ni Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún ti kọ owó orí. Ìyá tó bá lè sọ pé ọmọ òun ń rá nígbà tí Aláké kúrò láàfin ti sọ ohun tí tíṣà ń wá. Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, etí náà ni wọ́n ń padà sí. Tíṣà á wá yan ọjọ́ tó bá wù ú, ọjọ́ náà á sì tẹ̀lé ọmọ títí dọjọ́ alẹ́.

Ilé-ìwé gírámà kò tú ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. CMS Grammar School ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 6 June 1859 pẹ̀lú ọmọkùnrin 6 péré, lábẹ́ Thomas Babington Macaulay. King's College bẹ̀rẹ̀ ní 1909 pẹ̀lú 10. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdánwò ni ọ̀nà àtiwọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, lẹ́yìn náà orúkọ lára pátákó. Lẹ́tà tó ń dé ilé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dá ẹbí lágara: aṣọ funfun, kákí, bàtà, garawa, àdá, ọkọ́, ìbùsùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ẹ̀gbọ́n a san díẹ̀, àbúrò bàbá a san díẹ̀, kí àpótí tó kún. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé ni yóò mọ ilé tí wọ́n pín in sí. Ní Government College, Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, Grier, Swanston, Field, Carr àti Powell ni àwọn ilé náà, orúkọ tí ẹni tó kàwé níbẹ̀ kì í gbàgbé.

Ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ láti 1979. Ní Èkó, gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ kíláàsì yára-yára, ó sì fòpin sí àṣà tí àwọn kan fi ń wá láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń wá lọ́sàn-án. Ilé gígùn tí kò ga tó kọ́ náà kò dára lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ní ìjókòó láti àárọ̀. Ilé-ìwé aládàáni wá pọ̀ sí i lẹ́yìn èyí. Àwọn yìí ń pe òbí sí ìpàdé kí táàmù tó wọlé, wọ́n ń fi tíṣà kíláàsì hàn wọ́n, wọ́n sì ń fi orúkọ ọmọ àti kíláàsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Òfin ti gba ipò etí báyìí. Òfin 69 ti ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan, ìwé ọjọ́ ìbí sì ni ilé-ìwé ń béèrè. Òfin ẹ̀kọ́ àpapọ̀ ti 2004 sọ ọdún 9 ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré di dandan fún gbogbo ọmọ. Òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ, ìbáwí ni ìjìyà rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì.