Ẹ̀pà, kajú àti ọkàn ẹni tó ní àtọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìtọ̀ ṣúgà, kì í sábà dá pa ènìyàn. Ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a máa ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọ̀nà á há, àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ewu àrùn ọkàn fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in. Nínú oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò láti dín ewu yìí kù, ẹ̀pà àti àwọn èso oníkarahun bíi kajú àti álímọ́ńdì wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn dúró dáadáa.

Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde lórí ọkùnrin àti obìnrin 16,217 tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ka gíráàmù 28 ẹ̀pà tàbí èso oníkarahun, ìyẹn bí ẹ̀kúnwọ́ kan, sí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan. Ewu àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 17 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ewu kí irú àrùn bẹ́ẹ̀ pa wọ́n fi ìdá 34 kéré. Èyí tó wú ènìyàn lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó fi kún jíjẹ rẹ̀ lẹ́yìn tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ náà rí èrè jẹ. Kò tíì pẹ́ jù fún ẹni tí àìsàn ti mú.

Lóòótọ́, wíwò ni wọ́n wo àwọn wọ̀nyí. Wọn kò pín oúnjẹ fún wọn. Ìwádìí PREDIMED ní Sípéènì ló pín in. Ó lé ní 7,000 ènìyàn tó kópa, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì ní àtọ̀gbẹ. Àwọn kan gba gíráàmù 30 èso oníkarahun lójúmọ́, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn láti máa jẹ ewébẹ̀, ẹja àti òróró ólífì. Nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe lọ́dún 2018, àbájáde rẹ̀ kò sì yẹ̀: àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dín kù.

Ọ̀rá inú àwọn èso yìí kì í dì bí ọ̀rá ẹran, ó sì ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú kù. Sítáàṣì inú wọn kò pọ̀, nítorí náà wọn kì í gbé ṣúgà sókè lójijì.

Nínú ìwádìí ti Harvard, àwọn èso orí igi ṣe dáadáa ju ẹ̀pà lọ. Ìbátan ẹ̀wà ni ẹ̀pà, kì í ṣe èso orí igi. Kajú wà lára àwọn èso orí igi náà, ó sì pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àsálà wa ńkọ́? Òyìnbó ń fi orúkọ kan náà pè é pẹ̀lú ọ̀kan lára èso oníkarahun tí wọ́n lò ní Sípéènì, ṣùgbọ́n ìdílé ẹ̀gẹ́ ni tiwa ti wá, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tọ̀hún gbè é. Àgbọn kò sí lára àwọn èso tí à ń sọ yìí rárá, nítorí ọ̀rá rẹ̀ ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè.

Ohun tí a ń bá ẹ̀pà jẹ ló máa ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀pà pẹ̀lú gàrí tútù, pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì, pẹ̀lú gúgúrú: ṣúgà á gòkè, ẹ̀bi ẹ̀pà kọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó nǹkan bí kálórì 160, nítorí náà ó yẹ kó rọ́pò ìpápánu mìíràn ni, kì í ṣe kó gun orí rẹ̀. Ẹ yan èyí tí kò níyọ̀, kí ẹ sì da èyí tó bá ti bu nù, nítorí oró inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìpalára, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí ẹ̀pà pa oògùn àtọ̀gbẹ yín tì.