Tí pancreas bá wú gan-an, ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ yẹ?

Inú rírun tó bẹ̀rẹ̀ lójijì lókè ikùn, tó ń ro dé ẹ̀yìn, tí èèyàn sì ń bì ṣáá, kì í ṣe ọgbẹ́ inú nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ pé pancreas ló wú.

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni pancreas wà. Òun ló ń pèsè omi tó ń mú kí oúnjẹ dà, àti insulin tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Òkúta inú àpò òróǹro àti ọtí líle ló sábà máa ń jẹ́ kó wú. Ara ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń yá láìsí iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n bá ti fa omi sí wọn lára, tí wọ́n sì fún wọn ní oògùn ìrora. Àmọ́ tó bá le, apá kan pancreas lè kú, kí kòkòrò sì wọ ibẹ̀.

Kí ló dé tí dókítà kì í tètè ṣe iṣẹ́ abẹ?

Ẹbí aláìsàn lè máa bínú pé wọn ò tíì gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe àìbìkítà o. Níbẹ̀rẹ̀, ibi tó kú àti ibi tó wà láàyè ṣì dàpọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ya tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n sábà máa ń dúró tó ọ̀sẹ̀ 4, kí ibi tó kú lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nínú tí kò dá, tàbí tí ìfun bá lu, wọn ò ní dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é

1. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń kì bọ inú láti ara, kí ọyún lè máa ṣàn jáde.
2. Kámẹ́rà tó ń gba ẹnu wọlé, tí wọ́n á fi lu ihò láti inú àpò oúnjẹ dé ibi tó kú.
3. Ojú abẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, níbi tí wọ́n á ti kó ohun tó kú jáde.
4. Lílà ikùn gbàràgàdà, tó máa ń jẹ́ ìgbẹ̀yìn.

Ní Netherlands, wọ́n ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 88, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Nínú àwọn tí wọ́n la ikùn wọn, ìdá 69 nínú 100 ló kú tàbí tó ní ìṣòro ńlá. Láàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà sí lára, ìdá 40 ni. Kódà, ìdá 35 nínú wọn ò nílò ju rọ́bà náà lọ. Àmọ́ iye àwọn tó kú nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Tó bá jẹ́ òkúta ló fà á, wọ́n máa ń yọ àpò òróǹro tí ara bá ti balẹ̀, kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Àwọn kan lè ní àtọ̀gbẹ, àwọn mìíràn á máa lo oògùn tó ń bá oúnjẹ dà. Ọtí àti sìgá ò sí fún wọn mọ́.

Tí irú inú rírun yìí bá mú yín, ẹ má jókòó sílé máa mu àgbo. Ẹ tètè gba ọsibítù lọ.